Ọkọ̀ Tó Dúró Níta

"Ẹ tún un kà," Gíwá wí.

Akọ̀wé àgbà yunifásítì wo ojú rẹ̀, ó wo òkìtì bébà kéékèèké tó wà níwájú òun lórí tábìlì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣí wọn, tó ń gbé wọn sókè kí àwọn àgbà olùkọ́ tó jókòó yí yàrá ìpàdé ká lè rí i. "Rárá. Rárá. Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá." Kó tó dé ìdajì, kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ mọ́. Àwọn kan ń wo òrùlé. Olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gíláàsì náà mọ́ tónítóní. Nígbà tí wọ́n kà á tán, iye tó jáde lẹ́ẹ̀kíní náà ló tún jáde. Àwọn tó fara mọ́ ètò Gíwá kò ju ìka ọwọ́ kan lọ, Gíwá fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn.

Ó rú u lójú. Kì í ṣe pé ó rò pé gbogbo ayé gbọ́dọ̀ fẹ́ ohun tóun bá fẹ́. Obìnrin náà ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Ohun tó rú u lójú ni pé láti ìgbà tó ti gbé ètò náà kalẹ̀, kò sẹ́nì kan tó la ẹnu rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ẹ. Ètò ọ̀hún kò le rárá. Kí wọ́n kó gbogbo ọkọ̀ kúrò láàrin ọgbà yunifásítì, kí wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kí tọ̀jọ̀gbọ́n takẹ́kọ̀ọ́ máa fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ igi dé ibi iṣẹ́ wọn. Ó ti fi páálí ṣe gbogbo ọgbà náà ní kékeré, ilé, ọ̀nà àti igi, ó sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ó wá gbé abọ́ píìnì méjì tì í: àwọ̀ ewé fún ẹni tó bá fẹ́ ohun tó rí, pupa fún ẹni tí kò bá fẹ́. Píìnì aláwọ̀ ewé kún orí páálí náà bámúbámú. Pupa kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé ìbò náà ló tún wá burú jù. Bí ìpàdé ṣe tú, ńṣe ni wọ́n tò wá kí i.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin wí. "Ètò yín yẹn dára. Ó dára gan-an ni."

"Ẹ ṣé. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ kọ sórí bébà tiyín?"

"Ìbò ìkọ̀kọ̀ ṣáà ni, mà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè rí ọ̀nà.

Igbákejì Gíwá ní kó má mú un lọ́kàn, pé ayé kì í mọ oore. Ọ̀gá ilé-ìkàwé di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Gbogbo wọn ló ń bá a kẹ́dùn, bí ẹni pé àwọn àjèjì kan ló gba ojú fèrèsé wọlé wá dìbò, tí wọ́n sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gíwá ń dúpẹ́, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló dà á lọ́kàn rú.

Ẹnì kan péré ni kò wá kí i, Sùúrù sì ni. Sùúrù ń kọ́ni ní ìṣirò. Òun àti Gíwá ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé yàrá kan nígbà tí wọ́n wà lákẹ́kọ̀ọ́. Torí pé Gíwá kì í rìn láìmú rúlà dání nígbà náà, Rúlà ni Sùúrù sọ ọ́. Láti ìgbà tó sì ti di Gíwá, Sùúrù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "mà" lójú àwọn èèyàn, nígbà tó yá, lẹ́yìn wọn pẹ̀lú. Lọ́jọ́ yìí, kí ìpàdé tó parí ló ti gbé báàgì rẹ̀ tó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì kò fi fóònù ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá náà ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ afárá àti ilé alájà kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n po tíì fún òun.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ bá mi la ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sọ fún wa pé gbogbo olùkọ́ ló fara mọ́ ètò yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo rò, sà."

"A ti bá àwọn ọ̀rẹ́ yunifásítì yìí tó ń fi owó ràn wá lọ́wọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbà láti gbin igi, wọ́n ti gbà láti ṣe ojú ọ̀nà. Kí ni kí n wá padà lọ wí fún wọn báyìí? Kí ló dé tí àwọn olùkọ́ fi kọ̀ ọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ta ló wà nídìí ẹ̀?"

"Mi ò mọ ìyẹn náà."

Alága mí kanlẹ̀. Inú kò bí i, bẹ́ẹ̀ ì bá tilẹ̀ sàn kó bínú. "Sáà yín máa parí lópin ọdún yìí. Ìpàdé wa tó ń bọ̀ la máa sọ bóyá ẹ máa ṣe èkejì. Èmi fẹ́ kí ẹ ṣe é, mi ò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè dìde níwájú ìgbìmọ̀ kí n máa gbèjà Gíwá tí kò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé ara rẹ̀. Ọ̀túnla láàárọ̀, mo máa padà wá. Ẹ sọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí fún mi, kí ẹ sì fún mi lórúkọ àwọn tó ń bẹ nídìí ẹ̀. Tí ẹ bá ṣe ìyẹn, mo wà lẹ́yìn yín. Tí ẹ ò bá ṣe é, ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíì."

Nígbà tó lọ tán, Gíwá jáde wá síwájú páálí rẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀, ọkùnrin tí kì í gbójú fo nǹkan kan, dìde láti bọ̀wọ̀ fún un, ó sì tún jókòó. Gíwá ń wo àwọn píìnì náà.

Iṣẹ́ ètò ìlú ló kọ́, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ó ti fa ìlà ojú ọ̀nà, ó ti júwe ibi tí gọ́tà máa gbà, ó ti lé ọjà kan kúrò nídìí ojú irin rí, ó sì tún dá a padà nígbà tó rí i pé òun ṣì í ṣe. Nídìí iṣẹ́ yẹn, ìpàdé kan kì í parí láìsí ariwo. Ìyá arúgbó kan ti bọ́ bàtà, ó fẹ́ fi nà án, nítorí ibùdókọ̀. Kò bínú sí ìyá náà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá ṣì ń pariwo mọ́ ọ, ẹ ṣì lè jọ sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti di olùkọ́, ó di olórí ẹ̀ka, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tó sì di Gíwá, tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi sọ fún gbogbo ènìyàn pé yunifásítì náà kò ju ìlú kékeré kan lọ, òun á tò ó. Kò sẹ́ni tó bọ́ bàtà. Ṣé bí ìlú ṣe ń rí nìyí nígbà tí kò bá ní ẹnu?

Ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nínú yunifásítì kan náà. Ìmọ̀ físíìsì ló kọ́ àwọn ọmọ títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí Gíwá délé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá a nínú pálọ̀, ó tú rédíò kan palẹ̀, gbogbo ìfun rédíò náà wà lórí ìwé ìròyìn.

"Dádì, ẹ̀yin náà ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn rí," ló wí, kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà. "Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Mo gbọ́. Wọ́n ti pè mí. Èèyàn mẹ́ta ló ti pè mí pé kí n bá ọ sọ̀rọ̀, kó má dùn ọ́ jù."

"Àwọn mẹ́ta wo?"

"Mi ò ní sọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe dá mi lóhùn. Orí ń fọ́ mi."

Ọkọ rẹ̀ gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ sọ fún mi. Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọn ò nílò ọkọ̀ wọn lábẹ́ fèrèsé?"

"A wò ó. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ètò ìlú jókòó ti gbogbo ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ tó bá dé láàárọ̀ kì í mira títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò lo ọkọ̀ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ṣé ó burú tí ọkọ̀ náà bá dúró sí ẹnu géètì?"

Bàbá náà kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Gíwá dúró, ó ń wò ó, ó mú báàgì rẹ̀ dání síbẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó ni ọkọ̀ wà níbẹ̀?"

"Níbo ló tún máa wà?"

"Jókòó, ìyàwó mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọkọ̀ ló ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ni ín lè wà níbikíbi. Wàá gbé ọkọ̀ ẹ sábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì láàárọ̀, wàá fi kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga, wàá ṣí ìwé kan sílẹ̀. Wàá gba ẹ̀yìn jáde, wàá wọ takisí. Ẹni tó bá béèrè ẹ, wọ́n á ní, 'Ó wà nítòsí, ọkọ̀ ẹ̀ nìyẹn.' Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Ọ̀gbẹ́ni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ra ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì, okùn ni wọ́n fi wọ́ ọ wá síbẹ̀. Wọ́n yìn ín títí pé òun ló ń pẹ́ jù lọ níbi iṣẹ́."

Gíwá jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ tún mú irin rẹ̀, ó ń fi í tọ́ inú rédíò láìwo nǹkan tó ń tọ́. "Ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀. Mò ń kọ́ni nílé-ìwé mìíràn. Ìgbà yẹn làwọn ọmọ wa ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, owó ilé-ìwé wọn sì pọ̀, o mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa ń pẹ́ délé. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ ló pọ̀ lóòótọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà tí mò ń gé páálí nínú ilé yìí?"

"Mo rò pé o mọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Mo rò pé o fẹ́ fi ọgbọ́n mú wọn ni, mo sì ní, há, obìnrin yìí gbówọ́." Ó gbójú sókè. "Ta ni yóò sì sọ fún Gíwá? O gbé píìnì pupa síwájú akọ̀wé ẹ tí ojú rẹ̀ dà bíi ti ológbò. Ẹni tó bá mú un, kí ló máa ní ìdí rẹ̀ jẹ́?"

Ojú ń ti Gíwá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú sì ń bí i, kò mọ èwo ló kọ́kọ́ dé. Ó tún ń yọ́ dùn mọ́ ọn díẹ̀ pé Alága béèrè ìdí, ìdí sì ti dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gba ọ́fíìsì lọ. Ó rìn láàrin àwọn ọkọ̀ tó tò sábẹ́ fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ kan iwájú wọn bí ẹni ń yẹ ibà wò lára ọmọ. Gbogbo wọn tutù. Ó gun òkè lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin, ó kan ilẹ̀kùn olórí wọn, ó ṣí i. Fáànù ń fẹ́. Kóòtù wà lẹ́yìn àga. Gíláàsì ojú wà lórí ìwé tó ṣí sílẹ̀, ó ṣe kedere pé kì í ṣe èyí tó fi ń ríran, nítorí pé ekuru ti bò ó. Rédíò kékeré kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún àga náà.

"Wọ́n wà nítòsí, mà," obìnrin tó ń gbálẹ̀ wí láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mo rí i," Gíwá wí.

Ìbínú wá gbé e wọ̀ gidi. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá Alága sọ ti ń to ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ kò sì ní ṣòro. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì mọ ọkọ̀ tó jẹ́ ti oníkálukú. Sáà kejì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni mú ife. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó sì gba ẹ̀yìn ilé ìṣirò kọjá báyìí, ó rí ọkọ̀ Sùúrù, pupa kékeré, tí ewé igi ti já bọ́ sí lórí. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó tutù bíi ti gbogbo wọn.

Ó pe Sùúrù lórí fóònù. "Níbo lo wà?"

"Mo wà nítòsí, mà. Ṣé kí n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì yín báyìí?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹ ni mo dúró sí."

Sùúrù ní, "Bọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà, kí o wọ takisí. Màá júwe ilé fún awakọ̀. O ti gbàgbé ilé mi."

Òótọ́ ni, ó ti gbàgbé rẹ̀. Láti ìgbà tó ti di Gíwá, kò tíì dé ibẹ̀. Sùúrù ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, omi sì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú yàrá tó kọjú sí títì, ọkọ Sùúrù wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Gíwá mọ ọkùnrin náà dáadáa. Olùkọ́ orin ni, ẹlẹ́rìn-ín kèékèé. Àrùn ti kọlù ú, apá kan ara rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́nu rẹ̀, "ó dáa". Òun ló fi ń kíni, òun ló fi ń bínú, òun ló fi ń béèrè omi.

"Ó dáa," ló wí nígbà tó rí Gíwá, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" Gíwá béèrè nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó sí kíṣìnnì.

"Ó ti ń lọ sí ọdún méjì."

"O ò sì sọ fún mi."

"Sọ fún ta? Gíwá?" Sùúrù kò gbé ohùn sókè. "Mo béèrè fún ìsinmi. Ọ́fíìsì ẹ dá mi lóhùn pé ẹni tí ara òun fúnra rẹ̀ kò bá yá ni wọ́n ń fún. Ara tèmi yá."

"Mi ò rí i. Sùúrù, mo fi gbogbo ohun tí mo ní búra, kò dé iwájú mi."

"Mo mọ̀ pé kò dé ọ̀dọ̀ ẹ. Nǹkan kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ mọ́." Ó ń fi aṣọ nu tábìlì tó ti mọ́. "Mi ò pa kíláàsì kan jẹ rí. Aládùúgbò kan ló máa ń bá mi jókòó tì í nígbà tí mo bá lọ kọ́ wọn. Ìyókù ọjọ́, ọkọ̀ ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá gbé e lọ sí ẹnu géètì, kò sẹ́ni tó máa wò ó níbẹ̀. Wọ́n á wá mi dé yàrá. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ 'rárá', Rúlà, mi ò sì lè wò ọ́ lójú lẹ́yìn ẹ̀."

Gíwá sọ ọ̀rọ̀ Alága fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́: ìdí ọ̀rọ̀, orúkọ àwọn èèyàn, sáà kejì.

"Sọ fún un," Sùúrù wí.

"Tí mo bá sọ, wọ́n á yẹ gbogbo ọkọ̀ wò. Wọ́n á kó gbogbo yín pọ̀."

"Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n kó. Ọkùnrin òfin yẹn ní ilé-iṣẹ́ méjì nígboro."

"Ìwọ ńkọ́?"

Láti yàrá, wọ́n gbọ́ "ó dáa", Sùúrù sì dìde lọ wo ohun tí "ó dáa" tọ̀tẹ̀ yìí jẹ́. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Mi ò mọ̀. Ọ̀la ni kíláàsì àṣekẹ́yìn kí àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò, aládùúgbò mi sì ti rìnrìn-àjò. Ìyẹn ni mò ń rò. Mi ò ráyè rò ju ọ̀la lọ."

Gíwá padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó pòrúurù. Lórí bébà, bí ọ̀nà kan kò bá ṣe é gbà, yóò pa á rẹ́, yóò fa òmíràn. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, abẹ kan náà ló máa fi rẹ́ àwọn olè àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, òun kò yàtọ̀ sí obìnrin agbálẹ̀ tó ń ní "wọ́n wà nítòsí", ipò rẹ̀ á sì tún lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò lẹ́nu ńbẹ̀, òun tóun ti jẹ nínú ẹ̀. Gíwá fẹ́ràn ipò náà, kò parọ́ fún ara rẹ̀. Ó fẹ́ràn kí wọ́n dìde tóun bá wọlé, ó sì fẹ́ràn jù bẹ́ẹ̀ lọ pé iṣẹ́ ṣì kù tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí awakọ̀ rẹ̀ sinmi, òun fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ wọ ọgbà. Ó gbé e sí ibi tí wọ́n kọ "Gíwá" sí, lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Alága kò ní í dé títí òòrùn á fi ga. Kíláàsì Sùúrù á ti tán nígbà náà. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà jáde, ó wọ takisí.

"Kí lo wá ṣe?" Sùúrù béèrè lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì ya irun rẹ̀ tán.

"Àwọn ọmọ ẹ ń dúró. Máa lọ."

"Rúlà, ìwọ ni Gíwá."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn lómi mu. Máa lọ, o ti ń pẹ́."

Sùúrù wò ó, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Gíwá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó fún ọkùnrin náà lẹ́kọ síbí síbí, ó ń nu ẹnu rẹ̀, ó ń sọ fún un bí wọ́n ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti Sùúrù síta nígbà tí wọ́n wà lákẹ́kọ̀ọ́. Kò tíì mọ ohun tóun máa sọ fún Alága. Ó rò pé ó lè dé òun lọ́kàn nínú takisí, tóun bá ń padà lọ.

Fóònù rẹ̀ dún. Akọ̀wé rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Wọ́n ti dé, mà. Wọ́n tètè dé. Wọ́n béèrè yín, mo ní ẹ wà nítòsí. Mo fi ọkọ̀ yín hàn wọ́n lójú fèrèsé."

"Ta ló ní kí o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ ọ́, mà." Ọ̀rọ̀ náà ya akọ̀wé lẹ́nu. "Bẹ́ẹ̀ la máa ń sọ. Ṣé kí n ní ẹ wà nílé-ìkàwé? Wọ́n á dúró."

Kò ní le. Takisí á gbé e débẹ̀ kí Alága tó mu ife tíì tán, bó bá tilẹ̀ gbà á lónìí. Àmọ́ ta ló máa jókòó ti ọkùnrin yìí? Ó wo ọwọ́ aláìsàn náà tó gbá etí aṣọ rẹ̀ mú, ó wo síbí tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

"Fún wọn ní fóònù," ló wí.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ohùn Alága wọlé, ara rẹ̀ yá. "Mo tètè dé. Mò ń wo ọkọ̀ yín níbí. Ṣé kí n bá yín níbi tí ẹ wà?"

"Ọkọ̀ mi ló wà níbẹ̀, sà. Èmi ò sí níbẹ̀ látàárọ̀."

Bàbá tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ darí àwọn òṣìṣẹ́ ni Alága, ọgbọ́n rẹ̀ sì jinlẹ̀. Gíwá gbọ́ tó dìde, ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ síbi fèrèsé.

"Ọkọ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ yìí o," ló wí níkẹyìn.

"Ó pọ̀, sà. Ìdí tí wọ́n fi kọ ètò mi nìyẹn. Ọkọ̀ ni mo kà, mi ò ka èèyàn. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Òfin ìsinmi wa gan-an ló yẹ kí n ti yẹ̀ wò kí n tó ronú kan igi."

"Mélòó nínú wọn ni ẹni tó ni ín kò sí níbí?"

"Mi ò lè sọ, sà."

"Ẹ ò lè sọ ni, àbí ẹ ò fẹ́ sọ? Mo ní kí ẹ fún mi lórúkọ."

"Ẹ mú gègé, sà," Gíwá wí.

Ó dúró títí ó fi gbọ́ tí Alága fa àga tó sì jókòó. Ó wá pe orúkọ ara rẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i àti ti bàbá rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó lè kọ ọ́ pé.